Pupa Ti Ta Ni?

Ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé álíbọ́ọ̀mù ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lé itan, ó ṣí i dé ojú ìwé kẹta, ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó tún fi í sójú, ó wá gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló wọ aṣọ yìí?" Mo ní, "Ẹ̀yin ni, mà." Ó ní, "Èmi kọ́ o. Àlàárì ni mo wọ̀. Èyí tó wà níbí ti ṣá." N kò rí ohun tí mo lè fi bá a jiyàn, nítorí ó ti wọ yàrá lọ gbé ìró àti ìborùn náà jáde, ó sì tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ álíbọ́ọ̀mù lórí tábìlì. Èyí tó wà lórí tábìlì pupa foò, ó sì jinlẹ̀ bí osùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Èyí tó wà nínú fọ́tò dà bí aṣọ tí wọ́n sá sí òòrùn láti ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ká a wọlé. Èyí tó dùn mí jù ni ojú ìyá náà fúnra rẹ̀. Adúmáadán ni, ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, ńṣe ló dà bí ẹni tí eérú fò bá.

Ọdún 2017 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Ìbàdàn, nígbà tí mo ti ń fi fọ́tò yíyà jẹun fún bí ọdún mẹ́fà. Bí mo ṣe kúrò nílé wọn, láàbù tí mo ti ń fọ fọ́tò ni mo gbà lọ tààrà. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu: bóyá wọ́n ti pààrọ̀ bébà láìsọ fún wa ni, tàbí kẹ́míkà wọn ló ti gbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ kò bá mi jà. Ó kàn ṣí àpò fáìlì tí mo kó fún un, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo orúkọ àwọn fáìlì yín." Gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà kékeré kan nísàlẹ̀, ṣáájú lẹ́tà DSC. Ó ní, "Bí mo bá ti rí ìlà yìí, mo ti mọ̀ pé orí Adobe RGB ni kámẹ́rà wà. Ẹ̀rọ tiwa kò gbọ́ ìyẹn. sRGB nìkan ló ń gbọ́."

Òótọ́ ni. Adobe RGB àti sRGB ni ọ̀nà méjì tí kámẹ́rà lè gbà kọ àwọ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbéyàwó náà, mo ti kà á níbì kan pé Adobe RGB ń gba àwọ̀ púpọ̀ ju sRGB lọ, mo sì wọ inú kámẹ́rà lọ yí i padà. Ta ni yóò sọ pé òun kò fẹ́ púpọ̀? N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ kò parí síbi kí ó pọ̀, pé ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tí a ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe yé mi nígbẹ̀yìn. Ní èdè Yorùbá, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà pupa ń ṣe pọ̀. Epo pupa ni, ẹ̀jẹ̀ pupa ni, erùpẹ̀ ojú ọ̀nà oko pupa ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n náà, pupa rúsúrúsú ni à ń pè é. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ tí awọ rẹ̀ bá fi díẹ̀ mọ́ ju ti àbúrò rẹ̀ lọ, ọmọ pupa ló ń jẹ́ ládùúgbò. Nítorí náà, bí oníbàárà bá pè mí lórí fóònù pé pupa ni aṣọ ẹbí àwọn, mo ní láti béèrè pé pupa èwo. Nọ́ńbà inú fọ́tò kò sàn ju ọ̀rọ̀ pupa yẹn lọ. Nínú fọ́tò orí kọ̀ǹpútà, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ àmì kékeré tí fọ́tò fi para pọ̀, ní nọ́ńbà mẹ́ta, láti 0 dé 255, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Bí mo bá rí 255, 0, 0, mo mọ̀ pé pupa tó ga jù lọ ni, ṣùgbọ́n pupa tó ga jù lọ lẹ́nu ta ni? Lẹ́nu sRGB, ohun kan ni. Lẹ́nu Adobe RGB, ohun mìíràn tó tàn ju bẹ́ẹ̀ lọ ni. Pupa tí sRGB ń kọ ní 255, 0, 0, Adobe RGB máa ń kọ ọ́ ní 219, 0, 0. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni, ìkọsílẹ̀ rẹ̀ ló di méjì. Prófáìlì àwọ̀ ni fáìlì kékeré tó máa ń wà nínú fọ́tò, tó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i pé ẹnu ta ni àwọn nọ́ńbà yìí ti jáde.

Àwọn tó ṣètò ọ̀rọ̀ yìí ti rò ó jinlẹ̀. Láti ọdún 1931 ni ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìmọ́lẹ̀ tí a mọ̀ sí CIE ti fi nọ́ńbà sí bí ojú ènìyàn ṣe ń rí àwọ̀, láìka ẹ̀rọ kankan sí. Nígbà tó di ọdún 1993, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Adobe, Apple, Kodak, Agfa àti Microsoft parapọ̀ dá International Color Consortium sílẹ̀, ìyẹn ICC, wọ́n sì fi nọ́ńbà CIE wọ̀nyẹn ṣe ògbifọ̀. Kámẹ́rà ní prófáìlì tirẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, bébà àti íǹkì ní tiwọn. Ohun tí ẹnì kan bá sọ yóò kọ́kọ́ di nọ́ńbà CIE láàárín, lẹ́yìn náà ni yóò tó di nọ́ńbà ẹni kejì. Ní ọdún 1996 ni HP àti Microsoft gbé sRGB jáde fún ojú kọ̀ǹpútà lásán, irú èyí tó wà lórí tábìlì gbogbo ènìyàn nígbà náà. Adobe gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1998, èyí tó ní ìtàn apanilẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí orúkọ ìlànà tẹlifíṣọ̀n kan, SMPTE 240M, ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè é nínú Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà wọn tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, kí wọ́n tó rí i pé nọ́ńbà àwọn kò bá ìlànà náà mu; ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n bá yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n fi àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àlàárì ìyá ìyàwó nìyí. Kámẹ́rà mi kọ àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lédè Adobe RGB. Photoshop tí mo fi tún un ṣe nílé ka prófáìlì inú fáìlì náà, ó sì fi àwọ̀ tó tọ́ hàn mí, nítorí náà n kò fura. Ẹ̀rọ láàbù kò wo prófáìlì rárá; ohun gbogbo tó bá dé iwájú rẹ̀, sRGB ló kà á sí. Ó rí 219 níbi tó yẹ kí ó rí 255, ó sì fọ 219. Láti ojú dé ẹsẹ̀, gbogbo ìgbéyàwó náà ṣá.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣe àdánwò kan tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi títí di òní, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Nínú Photoshop, àṣẹ méjì wà tó tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ Edit: Assign Profile àti Convert to Profile. Mo ṣí fọ́tò ìyá náà, mo fi ọfà sórí èjìká rẹ̀, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ 171, 35, 53. Mo kọ́kọ́ yan Assign, mo fún un ní sRGB. Nọ́ńbà náà kò yẹsẹ̀, 171, 35, 53 ló ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú mi báyìí ni aṣọ ṣá, tí ojú ìyá di eérú, gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà nínú álíbọ́ọ̀mù. Mo ti rí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mo dá a padà, mo wá yan Convert, mo tún fún un ní sRGB. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú fọ́tò kò yí padà rárá, àlàárì ṣì jẹ́ àlàárì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà èjìká ti di 200, 30, 50. Assign ń yí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ padà, ó sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Convert ń gbìfọ̀, ó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kí ìtumọ̀ má bàa yẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí láàbù, Convert ni. Assign kò wúlò bí kò ṣe fún fáìlì tí prófáìlì rẹ̀ ti sọnù, nígbà tí a bá mọ̀, tàbí tí a bá fi ojú gbé e, pé ibi báyìí ló ti wá.

Ohun kan tún wà tí a kì í fi ṣeré: àpótí kékeré tó ń béèrè, nígbà tí a bá fẹ́ tọ́jú fáìlì, bóyá kí prófáìlì wà nínú rẹ̀ tàbí kí ó má sí. Ẹ máa fi àmì sí i nígbà gbogbo. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tó nǹkan; prófáìlì sRGB kò ju bíi kílóbáìtì mẹ́ta lọ. Fọ́tò tí kò ní prófáìlì dà bí lẹ́tà tí kò ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, olúkúlùkù ni yóò máa fi ohùn tó wù ú kà á.

Fún ẹni tó bá ń ya RAW, ìyẹn fáìlì tútù tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, ìtò Adobe RGB tàbí sRGB inú kámẹ́rà kò kan fáìlì rẹ̀. JPEG, ìyẹn fọ́tò tí kámẹ́rà ti tún ṣe tán, nìkan ló kàn, àti àwòrán kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà. RAW kò tíì ní èdè, ìgbà tí a bá mú un jáde láti inú Lightroom tàbí irú rẹ̀ ni a ó tó yan èdè fún un. Èmi a máa ṣiṣẹ́ nínú ProPhoto RGB, àyè tó fẹ̀ gan-an tí Kodak ṣe, ní 16 bit; 8 bit kò ju ìgbésẹ̀ 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì na ìgbésẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ sórí àyè gbalasa, ojú ọ̀run ẹ̀yìn fọ́tò a máa là bí àtẹ̀gùn. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni mo tó ń ṣe ẹ̀dà kan tí mo ṣe Convert rẹ̀ sí sRGB, 8 bit, tí mo sì kọ sRGB sínú orúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mú. Fáìlì àkọ́kọ́, n kì í fọwọ́ kàn án mọ́.

Gbogbo èyí kò wúlò bí ojú kọ̀ǹpútà bá ń purọ́, tèmi sì purọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Alẹ́ ni mo sábà máa ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo pa gílóòbù yàrá kí ẹrù má bàa pọ̀ jù fún un, mo sì gbé ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà dé òkè pátápátá. Nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, gbogbo fọ́tò ló ń tàn jù, mo bá ń fà á wálẹ̀, mo ń fà á wálẹ̀, títí tó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ó bá wá di bébà, ó ṣókùnkùn. Bébà kì í tan iná tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e ni ó ń dá padà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ní kí ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà wà láàárín 80 sí 120 candela lórí mítà onígun mẹ́rin kan, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń kọjá ìlọ́po méjì èyí bí a bá gbé e dé òkè. Bí owó kò bá tíì sí fún ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀, ẹ gbé bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ojú ewé funfun sórí rẹ̀, kí ẹ sì máa rẹ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ títí funfun méjèèjì yóò fi jọra. Ẹ pa Night Light tàbí Night Shift náà, nítorí pé wọ́n ń da àwọ̀ ọsàn sórí ohun gbogbo nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Nígbà tí mo rí owó, mo ra ẹ̀rọ náà. Ó tó eku kọ̀ǹpútà, wáyà rẹ̀ ni a fi ń gbé e kọ́ sójú kọ̀ǹpútà. A ó fi àwọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn hàn án, yóò ka ohun tó rí gan-an, yóò fi wé ohun tó yẹ kí ó rí, yóò sì kọ prófáìlì fún ojú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan. Ìwọ̀n tí mo fún un ni D65, ìyẹn funfun bí ti ojúmọmọ, gamma 2.2, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gòkè láti dúdú dé funfun, àti 100 candela. Lẹ́yìn tí ó ṣe tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ó ti ba kọ̀ǹpútà mi jẹ́ ni, nítorí pé ohun gbogbo di ràkọ̀ràkọ̀, bí ẹni fi omi ẹ̀kọ pa á lójú. Ó di ọjọ́ kẹta kí ojú mi tó gbà pé búlúù ni mo ti ń wò látijọ́ tí mo ń pè ní funfun. Ní oṣù kan sí ìkejì ni mo máa ń tún un ṣe. Ní oṣù yẹn kan náà ni mo kun ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní àwọ̀ eérú. Píńkì ni tẹ́lẹ̀, ó ti ń ta sí funfun aṣọ ìyàwó láti ọjọ́ yìí, n kò sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ ara yẹ ní àyè tirẹ̀, nítorí pé àwa ni a ń ya adúmáadán. Láti àwọn ọdún 1950 ni Kodak ti ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn láàbù, àwòrán obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí awọ Shirley bá ti jáde dáadáa, ẹ̀rọ ti tọ́ nìyẹn. Àárín àwọn ọdún 1990 ni káàdì tó ní obìnrin dúdú nínú tó jáde. Ẹ̀rọ òde òní kì í lo Shirley mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa kò tíì yí padà: ìsàlẹ̀ ni àwọ̀ wa ń gbé, níbi tí bébà ti kọ́kọ́ ń pàdánù. Lára ẹni tó dúdú mínímíní, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè má ju nọ́ńbà mẹ́wàá lọ. Bébà tó ń dán lè gbé e. Lórí bébà tí kì í dán, dúdú rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó bá sì sún mọ́ dúdú yóò pa pọ̀ di ọ̀kan, tí abẹ́ ojú, ihò imú àti irùngbọ̀n yóò fi di ọ̀gbun kan ṣoṣo. Nítorí náà, fún bébà tí kì í dán, mo máa ń ṣí òjìji díẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́, mo sì máa ń kọ́kọ́ fọ ọ̀kan kékeré, mẹ́rin-lórí-mẹ́fà, kí n tó fọwọ́ sí ńlá. Mo ti gbọ́ pé owó ṣíṣòfò nìyẹn. Owó mẹ́rin-lórí-mẹ́fà kan kò tó owó epo mọ́tò tí mo fi gbé álíbọ́ọ̀mù ìyá ìyàwó lọ tí mo tún fi gbé e bọ̀.

Ibi tí a ti ń wò ó náà ṣe pàtàkì. Àwọ̀ méjì lè jọra lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n sì ya ara wọn bí a bá gbé wọn jáde. Àwọn tó ń ra léèsì mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e jáde sí ìta kí wọ́n tó sanwó. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní iná tiwọn tí wọ́n ń pè ní D50, 5000 kelvin. Èmi a máa lọ sójú fèrèsé ní bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, níbi tí òòrùn kò ti kan bébà tààrà.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiwa ni a fẹ́ lò nílé, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn méjì máa gbìfọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú fèrèsé ìtẹ̀wé Photoshop, bí a bá yan Photoshop Manages Colors, tí a sì mú prófáìlì bébà tí a fi sínú ẹ̀rọ, a gbọ́dọ̀ wọ inú ìtò ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ láti pa àtúnṣe àwọ̀ tirẹ̀. Bí a bá gbàgbé, yóò tún ohun tí a ti tún ṣe ṣe, fọ́tò yóò sì jáde ní pupa tó burú tàbí kí ó wúwo lọ́nà tí kò ṣeé ṣàlàyé. Ọ̀sán ọjọ́ kan gbáko ni mo fi ra íǹkì ṣòfò lórí èyí. Bébà kọ̀ọ̀kan ló ní prófáìlì tirẹ̀, àwọn tó ń ṣe bébà sì máa ń gbé e sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí a fi ti bébà kan tẹ̀ sórí òmíràn, kò yàtọ̀ sí kí a má lò ó.

Ti kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè àti ìwé ètò ìsìnkú tún yàtọ̀, nítorí pé íǹkì mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá ti gbé iṣẹ́ lọ sí Ṣómólú rí, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, ẹ ó mọ búlúù tí a ń pè ní royal blue, èyí tí àwọn ẹgbẹ́ fẹ́ràn láti fi ṣe aṣọ ẹbí, àti bí ó ṣe máa ń padà wálé ní elésè àlùkò. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ dà á rú. Búlúù tó ń tàn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú íǹkì mẹ́rin yẹn. Láti sún mọ́ ọn, wọ́n ní láti da magenta púpọ̀ mọ́ cyan, magenta sì ni ó ń fà á sí àlùkò. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń dín magenta kù díẹ̀ ṣáájú, mo sì ń sọ fún oníbàárà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe Convert sí CMYK, èdè íǹkì mẹ́rin yẹn, fúnra yín láìbéèrè. Èyí tí Photoshop ń gbé síwájú ẹni láìjẹ́ pé a yàn án ni SWOP, ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ tó ń lo bébà rólù. Fogra39 ti àwọn ará Jámánì sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba bébà lẹ́yọ lẹ́yọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìtẹ̀wé náà ló yẹ kí ó sọ. Bí kò bá mọ ohun tí ẹ ń béèrè, sRGB ni kí ẹ fún un.

Àwọn fọ́tò fóònù tún ti dé. Láti iPhone 7 ní ọdún 2016 ni Apple ti ń lo Display P3, tó gbòòrò ju sRGB lọ. Bí ẹ̀gbọ́n ìyàwó bá fi èyí tó yà ránṣẹ́ pé kí ẹ fi kún álíbọ́ọ̀mù, ẹ wo prófáìlì rẹ̀ kí ẹ sì ṣe Convert bí ti àwọn yòókù. Èyí tó bá ti gba WhatsApp kọjá gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, wọ́n ti fún un pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.

Mo tún gbogbo álíbọ́ọ̀mù náà fọ̀ lówó ara mi. Nígbà tí mo gbé e padà lọ, àlàárì ti padà di àlàárì, ìyá ìyàwó sì ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó dé ojú ìwé kẹta. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó tì í, alága ìdúró ọjọ́ náà ni, ó na ìka sí ara rẹ̀ nínú fọ́tò, ó ní, "Gèlè tèmi ńkọ́?" Tọ́kọ́ọ̀sì ni gèlè rẹ̀, irú èyí tó ń tàn bí ìyẹ́ ẹyẹ ọ̀kín, tí wọ́n wé tó fi ní ìṣẹ́po bíi méjìlá. Nínú fọ́tò, tọ́kọ́ọ̀sì náà rọ̀, ìṣẹ́po méjìlá sì ti di bíi márùn-ún.

Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn mọ́. Mo padà sílé, mo ṣí RAW rẹ̀ tí kámẹ́rà tọ́jú pẹ̀lú JPEG, mo lo Proof Setup, tó ń fi bí fọ́tò yóò ṣe rí lórí bébà hàn lójú kọ̀ǹpútà, mo fún un ní prófáìlì bébà láàbù, mo tẹ Ctrl àti Y. Gèlè náà rọ̀ lójú mi. Mo tẹ Ctrl, Shift àti Y, Photoshop sì da eérú bo gbogbo ibi tí bébà kò lè gbé, gèlè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Ibí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní rendering intent ti wúlò, ìyẹn ọ̀nà tí a yàn láti fi kó àwọ̀ tí bébà kò lè gbé wọlé. Ká sọ pé a fẹ́ kó àlejò ọgọ́rùn-ún sábẹ́ kánópì tó gba àádọ́rin. Relative colorimetric yóò fi ẹni tó bá ti rí ìjókòó sílẹ̀ níbi tó wà, yóò sì to gbogbo àwọn yòókù sí etí kánópì, lójú kan náà; báyìí ni ìṣẹ́po gèlè ṣe di ọ̀kan, nítorí pé ibi kan ṣoṣo ni gbogbo tọ́kọ́ọ̀sì náà dúró sí. Perceptual yóò ní kí gbogbo ènìyàn sún mọ́ra díẹ̀, kálukú ṣì wà ní ipò rẹ̀ sí ẹnì kejì, bí àyè tilẹ̀ fún. Mo yan Perceptual, ìṣẹ́po padà, ṣùgbọ́n títàn rẹ̀ kò padà.

Tọ́kọ́ọ̀sì yẹn wà lára ohun tí sRGB kò ní tí Adobe RGB ní. Ìwúlò tí mo kà nípa rẹ̀ lọ́jọ́sí kì í ṣe irọ́. Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ẹ̀rọ oníǹkì mẹ́jọ. A mú fáìlì 16 bit láìsọ ọ́ di sRGB, a fi prófáìlì bébà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo, mẹ́jọ-lórí-mẹ́wàá. Nígbà tó jáde, a ka ìṣẹ́po gèlè náà, mọ́kànlá ni. Mo fi àpò ìwé gbé e lọ fún alága. Ó yọ ọ́, ó wò ó lábẹ́ gílóòbù pálọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó gbé e lọ sójú fèrèsé kí n tó sọ pé kí ó gbé e lọ síbẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀ pé kó bá òun gbé gèlè náà wá láti inú yàrá.